Ọjọ́ mẹ́fà pẹ̀lú Tíṣà, láti Kubwa dé Sáríà

Ọjọ́bọ̀, Kubwa

Tíṣà dé láti Ìbàdàn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Zuba ni mo ti lọ pàdé wọn torí ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ ò wọnú ìlú, eruku ti bò wọ́n títí dé ìpéǹpéjú, ẹsẹ̀ wọn ti wú látàrí ìjókòó, wọ́n sì gbé àpótí gìtá mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé "Ṣé bí ọyẹ́ ibí ṣe le tó nìyí?" Mo ní ó máa ń le jù báyìí lọ láàárọ̀, sà. Ni wọ́n bá mirí, wọ́n tún di àpótí yẹn mú dáadáa, wọn ò jẹ́ n bá wọn gbé e.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìtàn ọ̀hún, Tíṣà ló kọ́ mi ní ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì n'Ìbàdàn. Ọdún 24 ni wọ́n fi dúró níwájú pátákó, ṣọ́ọ̀kì máa ń wà lára ṣòkòtò wọn ṣáá, kò sì sí ọmọ kan nínú wa tó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ti ṣe olórí akọrin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì rí, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello (ABU) ní Sáríà. Wọ́n ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Èmi ni mo rí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì àlòkù ní Dùgbẹ̀, mo ti jáde ìwé nígbà yẹn, mo rí àwòrán ọkùnrin kan tó dá irun sí bí igbó, ó la ẹnu gbàgà síwájú máìkì, mo ní ojú yìí mà jọ ojú Tíṣà o. Mo rà á, mo gbé e lọ sílé wọn. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní "Níbo lo ti rí èyí?" Wọ́n dìde lọ ti ilẹ̀kùn, wọ́n padà wá jókòó, wọ́n ní kí n fi sí i kí àwọn gbọ́.

Mi ò ní kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà síbí. Nígbà tí wọ́n tú ká, ìjà orúkọ yẹn dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó máa lò ó mọ́. Tíṣà ń pa àdéhùn yẹn mọ́ látìgbà náà, èmi náà á bá wọn pa á mọ́. Orúkọ tiwọn fúnra wọn, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ tí àwo tuntun bá jáde.

Torí àwo tuntun yẹn la ṣe ń rìn. Orin mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, látẹnu ọkùnrin ẹni ọdún 61 tí kò tíì gun sítéèjì láti bí ọgbọ̀n ọdún. Bí wọ́n ṣe fẹ̀yìn tì báyìí ni wọ́n pè mí, wọ́n ní "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ṣì ń ta básì yẹn?" Mo ní mo ṣì ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Wọ́n ní ó dáa, kí n wá èèyàn méjì kún un. Mo wá Àǹtí tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo wá ọmọkùnrin ará Kàbà kan tó ń lu dírọ́ọ̀mù, bí a ṣe di mẹ́rin nìyẹn. Àbújá, Kàdúná, Sáríà.

Kí a tó sùn, Tíṣà ṣí àpótí gìtá wọn, mo wá rí ohun tí mi ò rí rí. Ike ọṣẹ ni, irú èyí tó ní ìdérí tí àwa ọmọ bọ́dìńnì máa ń lò. Wọ́n ti fi ìṣó gbígbóná lu ìdérí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, wọ́n gé fóòmù sínú rẹ̀, wọ́n rẹ fóòmù yẹn sómi. Wọ́n ní igi gìtá ò yàtọ̀ sí ètè èèyàn, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ sí i omi ara rẹ̀ á gbẹ, igi á sún kì, àyà gìtá á wọnú, wáyà á wá sún mọ́ ọrùn rẹ̀ jù, tí o bá ta á á máa hanrun, ọyẹ́ tó bá le gan-an á tiẹ̀ sán an. Ike ọṣẹ yẹn ló ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí. Wọ́n ní "Sáríà ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe." Wọ́n tún fóòmù náà rẹ, wọ́n fún un, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń kán, wọ́n tó dé e. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Bí wọ́n ṣe máa ń nu pátákó mọ́ tónítóní kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sí i náà ni.

Ẹtì, Jabi

A ṣe ríhásà láàárọ̀, a sinmi lọ́sàn-án. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu kan ni ní Jabi, kò jìnnà sí adágún omi yẹn, á gba bí ọgọ́rin èèyàn. Tíṣà ò sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan kó tó di pé wọ́n kọrin, omi gbígbóná tí wọ́n fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sè ni wọ́n ń mu nínú fúláàsì, tí o bá bi wọ́n ní nǹkan wọ́n á kọ èsì rẹ̀ sórí bébà fún ọ.

Ẹ jẹ́ n sọ nípa ohùn wọn, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ gbogbo èyí. Nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ohùn tó ń ké ni, ó ń lọ sókè bí ẹni ń gun ọ̀pẹ, ó sì ń dún gooro létí. Ohùn yẹn ti lọ. Èyí tó kù wà nísàlẹ̀, ó fẹ̀, ó ha díẹ̀, tí wọ́n bá fà á gùn ó máa ń gbọ̀n níparí, wọn ò sì gbìyànjú láti bò ó. Orin wọn àtijọ́ tó gbajúmọ̀ jù, E ni wọ́n fi kọ ọ́ nígbà yẹn, C la fi ń kọ ọ́ báyìí, básì wá lọ sílẹ̀ débi pé mò ń gbọ́ ọ níkùn. Ó dùn mọ́ mi ju ti àtijọ́ lọ, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ọmọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì ń bínú sí gbogbo ayé. Bàbá tó wà níwájú máìkì lálẹ́ yìí ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, o sì máa rò pé ìwọ ni.

Àmọ́ àwọn kan wà níwájú, ọkùnrin bíi mẹ́jọ, wọ́n jọ wà ní Sáríà nígbà náà, ìfẹ́ ló gbé wọn wá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n látìgbà tí a ti ta ohùn àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń pariwo "Ti àtijọ́! Ẹ kọ ti àtijọ́!" Lẹ́yìn orin kejì Tíṣà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní "Màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni mo ti ru èyí wá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kalẹ̀ ná." Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó fi máa di orin karùn-ún, ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ fìlà rẹ̀ lé orúnkún, kò mu ọtí tó wà níwájú rẹ̀ mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Iná ń lọ sókè ó ń sọ̀ kalẹ̀ látìrọ̀lẹ́, mo ti sọ fún wọn, wọ́n ní kò sí wàhálà, ó wá di orin keje ó fò lójijì, fíùsì ámpù mi jó, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó ni ibẹ̀ ní ó tán nìyẹn, ìdajì owó tí a jọ sọ ló sì san. Ó dùn mí wọra torí mo mọ iye tí Tíṣà fi wọkọ̀ wá láti Ìbàdàn. Wọn ò bá a jà. Wọ́n fa wáyà yọ kúrò lára gìtá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárín tábìlì, wọ́n kọ orin àtijọ́ yẹn láìsí máìkì láìsí nǹkan kan, àwọn ọkùnrin mẹ́jọ yẹn sì bá wọn gbè é títí tó fi parí. Ọ̀kan ń sunkún. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Àbámẹ́ta, inú ọkọ̀ ojú irin

Mo sáré ra fíùsì lọ́jà Kubwa, ámpù jí, a lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní sítéṣàn tó wà ní Kubwa níbí. Ìdú ló ti ń gbéra, Rìgásà ní Kàdúná ló ń parí sí, láti 2016 ló ti ń ná ọ̀nà yẹn. Nọ́ńbà NIN lẹ máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì o, ẹ mú un dání. Dírọ́ọ̀mù ńlá a fi sílẹ̀, wọ́n ti bá wa yá òmíràn ní Kàdúná, ọmọ yẹn kàn di páànù rẹ̀ méjì sínú aṣọ ìnura.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Tíṣà jókòó sí, wọ́n ń wo àwọn àpáta. Gáàdì rélùwéè ni bàbá wọn, rélùwéè àtijọ́ yẹn, èyí tó ń ti Èkó lọ sí Kánò. Ní Sáríà ni ojú irin tó lọ sí Gúsáù àti Kaura Namoda ti yà kúrò lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ rélùwéè fi pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn Yorùbá náà sì pọ̀ ní Sabon Gari. Orin kẹta nínú àwo tuntun dá lórí ìyẹn, orin ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin lóru. Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ọmọ Kàbà wa bi wọ́n pé "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ rọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà ni?" Tíṣà ní háà, rárá o. Wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń kọ́ni ní kíláàsì, inú mi sì dùn láti tún gbọ́ ohùn kíláàsì yẹn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣì wà ní pámárì ni ẹgbẹ́ BLO ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1972, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ Berkley, Laolu àti Odumosu ni wọ́n fi ṣe orúkọ. Wọ́n ní Ofege, ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's l'Ékòó ni wọ́n, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lásán, wọ́n sì ṣe àwo. Wọ́n ní Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sahara kọjá wá sí Èkó ní 1971 torí ìlù. Ní ABU tiwọn níbẹ̀, Bongos Ikwue àti àwọn Groovies rẹ̀ ti kọjá kí àwọn tó dé, gbogbo ọmọ tó bá gbé gìtá lọ́gbà yẹn ni wọ́n ń fi í wé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ nípa Joni Haastrup tó ṣe olórí ẹgbẹ́ MonoMono, pé lẹ́yìn ẹgbẹ́ yẹn ló dá ṣe àwo tirẹ̀ jáde ní 1978. Wọ́n ní àwọn gbọ́ àwo yẹn nínú yàrá ẹnì kan ní Samaru, níbi tí ABU wà, àwọn sì sọ fún ara àwọn pé tí ẹgbẹ́ bá tú ká, orin ò tú ká. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní "Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, mi ò kàn lè ṣe é. Ìyàwó ti wà, ọmọ ti wà, ẹni tó máa san owó ilé ò sí."

Ọmọ yẹn ní òun náà mọ ẹnì kan. Ó fi Mdou Moctar hàn wọ́n lórí fóònù rẹ̀, ọmọ Tuareg láti Niger, ọwọ́ òsì ló fi ń ta gìtá, Sókótó ló sì wá láti gba ohùn àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 2008, orí mẹ́mórì káàdì ni àwọn èèyàn ti ń fún ara wọn látorí fóònù dé fóònù. Tíṣà fi ìgbọ́rọ̀ sétí, wọ́n dijú. Nígbà tó ṣe wọ́n ní "Èyí ń ta á bí ẹni ń ta mólò." Ẹ mọ mólò, àwọn baba wa náà ní i, àwọn Hausa náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé ní Sáríà, kuntigi ni àwọn máa ń gbọ́ lọ́jà, irú èyí tí olóògbé Dan Maraya Jos fi lókìkí, wáyà kan ṣoṣo ló ní, síbẹ̀ ó ń sọ ìtàn látàárọ̀ dalẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ibi tí ìbẹ̀rẹ̀ orin ọkọ̀ yẹn ti wá. Tíṣà kì í fọwọ́ kan wáyà márùn-ún tó kù, ọ̀kan péré ni wọ́n ń ta, tan tan-tan tan, fún bí ìṣẹ́jú kan gbáko kí àwa tó wọlé. Ọdún kan ni mo ti ń bá wọn ta orin yìí, mi ò bi wọ́n rí.

Nígbà tí a kọjá Jere tí a wá ń sún mọ́ Rijana, ariwo inú ọkọ̀ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bí àwọn agbébọn ṣe kọlu ọkọ̀ ojú irin yìí ní oṣù kẹta 2022, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àǹtí di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé Rìgásà.

Àìkú, Kàdúná

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tiwa, nínú ọgbà kékeré kan ní Barnawa. Ọ̀sán la lọ jẹun ní bùkà Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó wà nítòsí. Ìyá yìí ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, àtikékeré ni wọ́n ti wà ní Kàdúná, ẹnu Ọ̀yọ́ wọn ò sì yí padà rárá. Àmàlà wà lórí iná, a ń dúró dè é, Tíṣà wá yọ gìtá, wọ́n ń kọ orin ọkọ̀ yẹn jẹ́ẹ́jẹ́ láti fi wo ohùn wọn.

*Mo dúró de ọkọ̀, mo dúró de ọkọ̀, ilẹ̀ ti ṣú ní Sáríà.*

Ìyá ń fi ọmọrogùn ro àmàlà, wọn ò gbójú sókè, wọ́n ní "Bàbá ọlọ́gìtá, ẹ má bínú o. Ọkọ ta lẹ ń dúró dè?"

Ọmọ Kàbà bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní "Ọkọ̀ ni, Màmá. Ọkọ̀ ojú irin."

Ìyá ní "Hẹn-ẹn. Èmi ò gbọ́ ọkọ̀ níbẹ̀ o. Ọkọ ni mo gbọ́." Wọ́n bu àmàlà sínú abọ́, wọ́n bu gbẹ̀gìrì lé e, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Tíṣà tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́ẹ́jẹ́, gbogbo wa sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, òótọ́ ni Ìyá sọ. Ẹ fi dò re mí wò ó. Ọkọ̀, re dò. Ọkọ, re re. Gìtá Tíṣà dúró sí ojú kan níbẹ̀, bí rọ́ọ̀kì ṣe máa ń ṣe tó bá ń ti nǹkan mọ́lẹ̀, ẹnu wọn sì bá gìtá dúró sójú kan, re re. Ọkọ. Láti ọdún kan tí mo ti ń bá wọn ta á, a ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ìmọ̀ yẹn ló dí wa létí. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ojú irin ló gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ gan-an.

Ó wọ Tíṣà lára. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn fi kọ gbogbo orin inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, o lè gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ibi tó bá wù ọ́, sókè sódò, ìtumọ̀ rẹ̀ ò ní sá lọ. Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti ní orin tirẹ̀ nínú kí gìtá tó dé, ìwọ lo máa wá ibi tó ń lọ, ìwọ lo máa tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ohun tó le jù nínú ohun tí Tíṣà ń ṣe nìyẹn, ó ju àtikọrin lẹ́ni ọdún 61 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi Yorùbá kọ rọ́ọ̀kì báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ orin yín fún ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀, kí ẹ bi í pé kí ló gbọ́.

Nígbà tó di aago mẹ́rin wọn ò kọ orin ọkọ̀ rárá. Wọ́n kọ àwọn tó kù, ó dáa, èèyàn wá, wọ́n san owó wa pé, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ níbẹ̀ torí ọkàn èmi náà ti lọ síbòmíràn.

Alẹ́ la padà sí i. Yàrá Tíṣà la jókòó sí, Àǹtí gbé kíbọ́ọ̀dù lé orí bẹ́ẹ̀dì. Èrò tèmi ni pé kí gìtá já wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, kí básì bọ́ láti C sí A níbi tí "ọkọ̀" ti parí, kí ẹnu lè rí ibi sọ̀ kalẹ̀ sí. A gbìyànjú rẹ̀, ó ṣe é ṣe, ọkọ̀ wá di ọkọ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Tíṣà ṣì jókòó, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Wọ́n wá ní "Màmá mi ò pè é ní ọkọ̀ rí."

A dákẹ́. Wọ́n ní lálẹ́ tí bàbá àwọn bá ń ti ìrìn àjò bọ̀, màmá á tan àtùpà, á fi gèlè di àbúrò àwọn sẹ́yìn, á ní ẹ dìde, ẹ jẹ́ á lọ dúró de ọkọ mi. Kì í dárúkọ rélùwéè. Nígbà mìíràn aago mẹ́wàá ni, nígbà mìíràn òru, kò sí fóònù, kò sẹ́ni tó mọ̀, wọ́n á kàn jókòó sórí ìjókòó onígi ní sítéṣàn títí wọ́n á fi gbọ́ fèrè. Wọ́n ní "Ìyá yẹn ò ṣì í gbọ́. Èmi ni mo ṣì í kọ."

Wọ́n gba bébà lọ́wọ́ mi. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi kọ ọ́, ìlà àkọ́kọ́ gìtá á já wálẹ̀ fún ọkọ̀, ìlà kejì gìtá á dúró sójú kan bí wọ́n ṣe kọ ọ́ látilẹ̀, fún ọkọ. Ohun tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ ò ṣòfò. Ọmọ Kàbà ní kí wọ́n wá fi ọkọ́ kún un, re mí, kó pé mẹ́ta, inú rẹ̀ dùn sí ohun tó rò yẹn gan-an. Tíṣà fọwọ́ lé e léjìká, wọ́n ní "Ó dùn létí o, ọmọ mi, ṣùgbọ́n bàbá mi ò roko rí."

Ajé, Sáríà

Páàkì Kawo la ti wọkọ̀, kò ju bíi kìlómítà 80 lọ, a kọjá Jaji, a kọjá Kwangila. Bí a ṣe ń sún mọ́ Sáríà ni ọyẹ́ ń le sí i, òòrùn funfun bí àwo. Ní Sabon Gari, ilé tí wọ́n bí Tíṣà sí ti di ṣọ́ọ̀bù, bátìrì mọ́tò ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n kọjá. Ṣùgbọ́n ilé kẹta sí i, Àlàájì kan, ọmọ Ọ̀fà, jókòó sídìí máṣínnì ìránṣọ, wọ́n wo Tíṣà látòkè délẹ̀, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní "Ìwọ kọ́ ni ọmọ Ìyá Alátùpà?" Ara mi bù máṣọ. A ò tíì sọ nǹkan kan fún wọn o. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pe màmá Tíṣà nìyẹn, Tíṣà fúnra wọn sì ti gbàgbé rẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eruku, àgbàlagbà ẹni ọdún 61, Àlàájì ń fà wọ́n dìde, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn kún fómi.

Ọgbà ilé-ìwé kan ní Sabon Gari la ti kọrin lálẹ́. Àwọn kan wá láti Samaru, ọmọ ABU, èyí tó pọ̀ nínú wọn ò tíì dáyé nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn jáde. Òtútù mú débi pé ọmọ onílù wa wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, ìka èmi náà le lórí wáyà. Gìtá Tíṣà ò hanrun, mo rántí ike ọṣẹ yẹn. Àlàájì jókòó síwájú lórí àga tí wọ́n gbé wá láti ilé.

Orin kẹfà ni wọ́n fi orin ọkọ̀ sí. Wáyà kan, tan tan-tan tan. Mo rí àwọn ọmọ Hausa méjì lẹ́bàá ògiri tí wọ́n wo ara wọn, wọ́n mọ ohun tó ń dún yẹn. A wọlé. *Mo dúró de ọkọ̀*, mo bọ́ láti C sí A, ó jókòó pẹ̀tẹ̀. *Mo dúró de ọkọ*, mo dúró sí C, mi ò mira. Àlàájì pariwo "Ó ó!" bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. *Ọkọ mi ń bẹ nínú ọkọ̀, àtùpà mi ò tíì kú.* Ohùn Tíṣà gbọ̀n níparí ìlà yẹn bó ṣe máa ń gbọ̀n, wọ́n jẹ́ kó gbọ̀n. Gbogbo ọgbà pa lọ́lọ́. Mi ò lè wo ojú wọn, dírọ́ọ̀mù ni mo kọjú sí títí orin fi parí. Kò sẹ́ni tó bèèrè fún ti àtijọ́ lálẹ́ yẹn, àwọn ọmọ Samaru ní kí wọ́n tún orin ọkọ̀ kọ, wọ́n sì tún un kọ.

Ìṣẹ́gun, Sáríà sí Kàdúná

Láàárọ̀ Tíṣà ní kí n bá àwọn lọ sí sítéṣàn àtijọ́. A dúró díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi fóònù gba ohùn ibẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́, ẹyẹ, ẹnì kan tó ń gbá ilẹ̀, wọ́n ní ìyẹn ló máa ṣáájú orin náà nínú àwo.

Kàdúná la gbà padà. A yà sí bùkà Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti gba orin alẹ́ àná sórí fóònù, mo fi ìgbọ́rọ̀ sí wọn létí. Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n tẹ́tí. Wọn ò sọ nǹkan kan títí ó fi parí. Wọ́n yọ ìgbọ́rọ̀, wọ́n dà á padà fún mi, wọ́n wá kọjú sí Tíṣà.

"Ó dé àbí kò dé?"

"Ta ni, Màmá?"

"Ọkọ ẹ̀. Ẹ ò sọ ọ́ níbẹ̀."

Tíṣà ní "Ó dé, Màmá. Aago mẹ́ta òru."

Ìyá ní "Ẹ ṣeun," wọ́n dìde, wọ́n lọ bu àmàlà wa.